Ẹni Tó Bá Dẹ́rù Bà Wá, Ó Jẹ Wá Ní Gbèsè

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kà níwájú àpéjọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn àlejò wọn, ní Iléṣà

 

Àkọlé tí ìgbìmọ̀ tó pè mí fún mi ni lílo ìbẹ̀rù nígbà àjàkálẹ̀ àrùn: ipa ìjọba àti àwọn oníròyìn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ irú àkọlé yìí yóò ti máa retí pé kí n bú ìjọba, tàbí kí n sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Kòrónà. N kò wá fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kòrónà wà. Nínú àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó pa ènìyàn tó lé ní 3,100. Àwọn tó kú sílé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò kò sí nínú ìwé yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà níjòókòó níhìn-ín tí wọn kò nílò kí n máa sọ ọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà, ọ̀rọ̀ àwìn àti gbèsè kò sì ṣàjèjì níbí. Àwọn baba wa òṣómàáló a máa ru aṣọ dé Èkìtì, dé Oǹdó, dé Kábà, wọn a tà á láwìn, wọn a dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a padà wá, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ohun tí mo ní í sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìjọba tàbí ilé ìròyìn tó bá dẹ́rù bà wá nígbà àrùn, ìgbọràn wa ló gbà láwìn. Ó jẹ wá ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó jẹ wá ní ohun tí a ó ṣe sí ẹ̀rù náà, ó jẹ wá ní oúnjẹ bó bá ní ká má jáde, ó sì jẹ wá ní ọjọ́ tí yóò tán. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti àwọn tó gba ìgbọràn tí wọn kò san gbèsè, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tún wá tọrọ àwìn lẹ́yìn wọn.

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kò burú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìyá tí ẹ̀rù kò bà nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ ń jó bí iná, tí kò gbé e dìde lóru, a kì í pè é ní akọni.

Olóde àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan

Kí òyìnbó tó mú ìwé òfin dé ni àwọn kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbẹ̀rù àrùn jẹun láàárín wa. Ẹ rántí Ṣànpọ̀nná, àrùn àti òrìṣà rẹ̀. A kì í pe orúkọ rẹ̀ gbàǹgbà. Olóde là ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná. Bó bá pa ènìyàn, ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n gbọdọ̀ dá. Àwọn àwòrò ló ń sin òkú náà, aṣọ, ẹní àti ẹrù olóògbé a sì di tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀: ẹni tó ń sọ bí ẹ̀rù ṣe gbọdọ̀ bà yín tó gan-an ni ẹ̀rù náà ń bọ́.

Dókítà Oguntola Sapara ló tú àṣírí yìí. Fìrítáùn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Sapara Williams, ló sì kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Sapara kò jókòó sí Èkó kó máa ṣépè fún àwọn àwòrò. Ó para dà, ó wọ ẹgbẹ́ awo náà, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn kan nínú wọn ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í ran ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìròyìn tó kọ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn fòfin de ìsìn Ṣànpọ̀nná. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn bàbá oníṣẹ̀ṣe tó wà níbí. N kò pe gbogbo aláwo lólè. Púpọ̀ nínú wọn tọ́jú aláìsàn nígbà tí ẹlòmíràn ń sá. Àwọn tó sọ àìsàn di ọjà ni mò ń bá wí, irú wọn sì wà nínú aṣọ funfun àti nínú kóòtù pẹ̀lú.

Ọkọ̀ ojú irin ọdún 1918

Ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi kó àrùn ìnfúlúẹ́ńsà wọ Èkó láti Gold Coast, Ghana òde òní. Lùkúlùkú ni àwọn àgbà ń pè é. Kí ọdún tó yí po, àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó ti pa nǹkan bí 500,000 ènìyàn ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìdínlógún lọ.

Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n rán wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn tó ń ràn. Wọn kò ṣàlàyé tó, wọn kò ní oògùn rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fi lé àwọn tó ṣẹ́ kù nílé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù wolé-wolé fi ju ẹ̀rù àìsàn lọ. Àwọn ará Èkó fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ràn sì sá kúrò nílùú, àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan nínú réluwéè. Wọ́n gbé àrùn náà dání.

Réluwéè ti dé Òṣogbo láti 1907. Ọ̀nà tí kòkó àti òwú ń gbà lọ sí Èkó ni lùkúlùkú gbà wọ àárín ilẹ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá nídìí réluwéè Òṣogbo, mo máa ń ro ti àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lóṣù October ọdún yẹn, tí wọ́n ń wúkọ́ sínú aṣọ, tí wọ́n rò pé àwọn ti bọ́. Ìjọba fẹ́ dá àrùn dúró sí Èkó. Ìbẹ̀rù tí ìjọba dá sílẹ̀ ló bá àrùn sanwó ọkọ̀.

Omi iyọ̀

Ọ̀rọ̀ ọdún 2014 kò tíì jìnnà, ó yẹ kí àwọn ọmọ iléèwé tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngán gan-an rántí ohun tí àwọn òbí wọn sọ. Ní July 20, Patrick Sawyer gbé Èbólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní jáde nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e wá; ẹ̀mí obìnrin yẹn ló bá a lọ ní August. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ ipasẹ̀ ènìyàn 894 tó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì lọ kàn wọ́n nílé ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn ogún ló kó o, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di October 20 Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Bí wọ́n ṣe ń san gbèsè ìbẹ̀rù nìyẹn: òṣìṣẹ́ á kan ìlẹ̀kùn rẹ, á wọn bí ara rẹ ṣe gbóná sí, á dáhùn ìbéèrè rẹ, á tún padà wá lọ́la.

Ṣùgbọ́n kí ètò yẹn tó rinlẹ̀, àwa tí a wà lókè níbí kò gbọ́ ju pé Èbólà dé, ó ń pani, kò sí oògùn. Ẹ rántí òru August 8. Fóònù ń dún ní aago méjì òru. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbòkun, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: kí n dìde, kí n po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kí n fi wẹ̀, kí n mu díẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Èbólà má bàa mú mi. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyàwó pásítọ̀ ni. Ta ló sọ fún ìyàwó pásítọ̀? Inú bí i, ó ní ṣé ìgbà tí mo bá kú ni n ó tó gbà. Nígbà tí mo yọjú, iná ti wà nínú ilé gbogbo ládùúgbò, mo ń gbọ́ ìró omi nínú báfù. Orógbó pàápàá, tí àwọn kan ní ó ń wo Èbólà, gbówó lórí lọ́jà. Mínísítà ìlera jáde láti sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé: ìwé ìròyìn gbé e pé ènìyàn méjì kú ní Jos, àwọn tó lé ní ogún sì bá ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ẹ máa bi mí pé kí ni ẹ̀bi ìjọba nínú èyí. Ẹ̀bi wọn ni pé wọ́n fi ẹ̀rù sílẹ̀ láìsọ ohun tí a ó ṣe sí i. Ẹni tí ẹ̀rù bà tí kò rí nǹkan kan ṣe, ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá nà sí i ni yóò gbà. Ní Làìbéríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kéde fún ará ìlú pé Èbólà kò ní oògùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó gbọ́ ọ ro? Ó ní, bó bá jẹ́ pé kò sí oògùn, kí ni mò ń wá lọ sí ọsibítù? Ẹ jẹ́ kí n kú sílé mi. Báyìí ni àwọn ìyá àti àbúrò ṣe ń fọwọ́ ara wọn tọ́jú aláìsàn, tí àrùn sì ń kárí agbo ilé. Ní August ọdún yẹn, sójà ká àdúgbò West Point mọ́ ní Monrovia, wọ́n yìnbọn, ọmọdékùnrin ọdún 15 kan bá a lọ. Àrùn náà pa ènìyàn tó lé ní 11,000 ní àwọn orílẹ̀-èdè náà kó tó rọlẹ̀.

Kónílé-ó-gbélé

Ní March 29, 2020, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó àti àwọn ibòmíràn nítorí Kòrónà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti ti ẹnubodè, wọ́n ní kónílé ó gbélé. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Èkó. Èjìgbò ni àrùn kọ́kọ́ fi orúkọ wa sójú ìwé ìròyìn, nítorí ènìyàn 127 tó ti Àbíjàn dé, tí Gómìnà wa nígbà náà, Oyètọ́lá, ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilé kejì ọmọ Èjìgbò ni Côte d'Ivoire láti ayé àwọn bàbá ńlá. Yíyà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, iṣẹ́ tó dára ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ti kó o.

Ohun tí àwọn oníròyìn fi ṣe ni n kò lè gbóríyìn fún. Ìròyìn jáde pé ènìyàn mẹ́fà di àwátì ní ibùdó náà. Yàjóyàjó! Kí ìjọba tó sọ tẹnu rẹ̀ tán, ó ti wà lórí WhatsApp pé wọ́n ti wọ Òṣogbo, pé wọ́n rí ọ̀kan ní Ìkìrun. Ẹni tó ń ṣòwò lọ sí Àbíjàn, tó ti tó ọdún kan tó ti dé, kò lè wọ mọ́tò ní gáréèjì kí wọ́n má wò ó láwòsùn. Ó yẹ kí oníròyìn béèrè bóyá àwọn tó wà nínú ibùdó yẹn rí oúnjẹ jẹ, bóyá wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò fún wọn lásìkò. Ìbéèrè yẹn ni ìbá jẹ́ ká mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ́ sá.

Lálaalẹ́ nígbà náà, NCDC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, á gbé iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde, rédíò á sì kà á fún wa láàárọ̀. Iye yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó rí ọgọ́rùn-ún tó ní in, tàbí iye tó ti gbádùn padà sílé. Ọgọ́rùn-ún nínú igba, ẹ̀rù ni. Ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀, síbẹ̀ kò pé.

Ẹ wá wo ti oúnjẹ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo, èrè òní ló fi ń ra ẹ̀wà ọ̀la. Ọjọ́ mẹ́ta tó bá fi jókòó sílé, owó ọjà ti di owó ọbẹ̀. Ìjọba mọ èyí, ó ṣèlérí ìrànwọ́, díẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn díẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ràn, kòbókò ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ní Ìwó, fídíò àwọn ọlọ́pàá méjì tó ń lu obìnrin kan jáde, títí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fi mú wọn. Nígbà tó fi máa di àárín April 2020, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà kéde pé agbófinró ti pa ènìyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń fipá mú wa gbélé. Àrùn fúnra rẹ̀ kò tíì pa tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé NCDC lọ́jọ́ náà.

October ọdún kan náà ni àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí tí oúnjẹ ìrànwọ́ wà káàkiri. Tiwa nìyí ní Ẹdẹ, ní iléeṣẹ́ kòkó: ìrẹsì, ṣúgà, ìndómì, gààrí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn gómìnà ní àwọn kò kó o pamọ́, pé ètò pínpín ni kò tíì parí. Mo gbọ́ àlàyé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti sé mọ́lé lóṣù April, tó wá rí àpò ìrẹsì lóṣù October, ẹ kò lè bá a sọ̀rọ̀ ètò. Lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pinnu pé Kòrónà kò sí, pé owó ni wọ́n fi ń jẹ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì dé ní March 2021, tí nọ́ọ̀sì ń fẹ̀sọ̀ bẹ̀ wọ́n, wọn kò dá a lóhùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Nọ́ọ̀sì kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òun ni wọ́n lóṣòó tì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tó ní ká má bẹ̀rù kò ní ọjà tirẹ̀. Ní July 2020, Gómìnà Kogí nígbà náà, Yahaya Bello, ní àrùn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn lásán ni Kòrónà. Nígbà tó di January tó tẹ̀ lé e, òun náà ń dẹ́rù bà wá pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń pani. Ọjà kan náà ni, àwo ló yí padà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà kò bọ́. Ní March 22, 2020, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí tó ń gba ìjọba níbẹ̀ nímọ̀ràn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí ewu náà túbọ̀ ká lára àwọn tí kò kà á sí. Nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp mínísítà ìlera wọn nígbà náà, Matt Hancock, bọ́ sójú ìwé ìròyìn ní 2023, a rí i pé ní December 2020 òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń jíròrò bí wọn yóò ṣe fi ẹ̀yà àrùn tuntun kó jìnnìjìnnì bá ará ìlú. Ẹ̀yà náà wà lóòótọ́, ó sì ń ràn kíákíá. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ní òótọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rù ló wù wọ́n láti ná.

Odò tí kò ní yàjóyàjó

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ odò wa kún un, bí kò tilẹ̀ sí nínú àkọlé tí wọ́n fún mi. Gbogbo wa ló mọ àwọ̀ tí omi Ọ̀ṣun ti dà láti ìgbà tí àwọn tó ń wa góòlù ti ń da ilẹ̀ rú ní agbègbè Iléṣà àti Ìtagunmódì. Àwọn tó yẹ omi náà wò sọ pé májèlé irin wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun wọlé dé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn olùjọsìn má mu omi náà. Ìkìlọ̀ tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní 2005, ẹni tó ń jọ́sìn níbẹ̀ ni wọ́n kìlọ̀ fún. Àwọn tó ń da omi rú lókè odò, ohùn kò le sí wọn tó bẹ́ẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ní Zamfara, lọ́dún 2010, òjé inú erùpẹ̀ góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọ tó lé ní 400. Òjé kì í ràn bí ikọ́, kì í dé ilé olówó, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ka iye rẹ̀ fún wa lálaalẹ́. Ẹ̀yin oníròyìn Òṣogbo, ẹ̀yin tí ẹ wà níléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Òkè Baálẹ̀ àti ẹ̀yin tiléeṣẹ́ aládàáni, mo bẹ̀ yín, ẹ máa béèrè èsì àyẹ̀wò omi Ọ̀ṣun ní gbogbo oṣù bí ẹ ṣe béèrè ti Kòrónà.

Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé

Ẹ lè ní ó rọrùn láti sọ̀rọ̀, báwo ni wọn yóò ṣe kìlọ̀ àrùn fún wa tí ẹ̀rù kò fi ní pọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níhìn-ín. Ní 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn ọmọdé ń kú nígbà náà: èéyi, ikọ́ híhù, ìgbẹ́ gbuuru, àìjẹunkánú. Ìbá rọrùn láti kó jìnnìjìnnì bá àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n abúlé Ìmẹ̀sí-Ilé ló lọ, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sórí káàdì kan. Ìyá ọmọ ló ń gbé káàdì náà lọ sílé nínú àpò ọ̀rá. Ìyá tí kò mọ̀wé á rí i fúnra rẹ̀ bí ìlà ọmọ rẹ̀ bá ń gòkè, á rí i bó bá dúró. Bó bá dúró, ẹ̀rù á bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ní ibi tó ń lọ ni: nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó mọ orúkọ ọmọ, ó ní ohun tó máa fún un. Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ èéyi wò nílẹ̀ Áfíríkà, káàdì náà sì kárí ayé láti abúlé yẹn. Àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì tó jókòó níwájú mi yìí ti fi ọwọ́ ara yín fa ìlà yẹn. Ẹ̀yin ló yẹ kó dúró síbi tí mo dúró sí.